Bí Ọdẹ́dìran Ṣe Gbé Ààfin Àbúrò Rẹ̀ Sápò

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó bọ́ sẹ́yìn, nítorí bí mo bá ti la ẹnu báyìí, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́wọyè ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí lọ́jọ́sí tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi ẹfọ̀n náà léèrè! Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́dìran ará Ìdófẹ̀, ẹni tó fà mí lọ́wọ́ wọ iṣẹ́ ọdẹ. Ẹ má bínú bí mi ò bá fi ọ̀wọ̀ púpọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìtàn yìí máa sáré ni.

Ọdẹ́dìran ní àbúrò kan ṣoṣo, Abíọ́nà, ọmọ ìyá rẹ̀. Ojú ọ̀nà oko ni ìyá wọn, Efúnyẹlá, bí i sí, nínú òjò, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Abíọ́nà ga, ó dúdú, ó dára lọ́kùnrin, ṣùgbọ́n ẹ má rán an níṣẹ́ o! Bí ẹ bá ní kó lọ bu omi wá, á kọ́kọ́ pòṣé, á na ara, á béèrè pé ṣé òun nìkan ló wà nílé ni. Ohun tó sì ń bí i nínú jù lọ ni pé kò sí nǹkan tí wọn kì í pín nínú ilé wọn. Lọ́jọ́ kan ó dìde láàárọ̀, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti sú mi. Ẹní, à ń pín in. Ẹran, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mú. Kódà garawa ìwẹ̀, mo ní láti dúró kí ẹ wẹ̀ tán. Mò ń lọ síbi tí màá ti dá ní tèmi, tí ẹnikẹ́ni ò ní bá mi dù ú."

Ọdẹ́dìran rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Kó o tètè dé o, iṣu ti wà lórí iná." Abíọ́nà forí lé Igbó Akùnyùnmù, igbó tó máa ń kùn bíi pé oyin wà nínú gbogbo igi ibẹ̀. Kò padà wá.

Ìyá wọn ò ké, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣíwọ́ oúnjẹ ni. Bí wọ́n bá gbé abọ́ ka iwájú rẹ̀, á ní, "Ṣé Abíọ́nà á ti jẹun báyìí?" á sì rọra ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ẹ̀kọ díẹ̀ ló kù tó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ìró tó ń ró tẹ́lẹ̀ wá ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ọdẹ́dìran wò ó títí. Ó mọ̀ pé bí àbúrò òun ò bá wálé, ìyá òun náà máa lọ ni, kò sì ní pẹ́. Ló bá gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ki ẹran gbígbẹ sí i. Ó ní, "Màmá, mò ń lọ mú un wá."

Ìrìn náà ńkọ́? Mi ò ní sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ẹ̀yin náà lẹ́sẹ̀. Ohun tó pàdé ni kí ẹ gbọ́.

Iwin kan jókòó sẹ́nu igbó náà. Ẹ gbà mí o! Ẹnu méjì ni iwin yìí ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ṣùgbọ́n ọ̀fun kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ méjèèjì. Ẹlẹ́numéjì lorúkọ rẹ̀. Ẹnu ọ̀tún rí Ọdẹ́dìran, ó ní, "Jẹ́ ká jẹ ẹ́." Ẹnu òsì ní, "Rárá, ká kọ́kọ́ pa àlọ́ fún un. Ọdẹ, gbọ́! Ilé kan, onílé mẹ́ta, kálukú ń dá gbé. Kí ni o?"

Ọdẹ́dìran ronú. Orí rẹ̀ tó máa ń yá bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìbọn, kò yá níbẹ̀ rárá. Ẹnu ọ̀tún ti ń dá itọ́ mì. Ni ọ̀gá mi bá fa ẹran gbígbẹ kan yọ nínú àpò, ó jù ú sí àárín ẹnu méjèèjì. Ọ̀tún gbá a mú, òsì gbá a mú, kálukú ń fà á, ọ̀fun ò sì mọ ti ẹni tí òun máa gbé mì. "Tèmi ni!" "Tèmi ni, olè!" Ìjà dé. Wọ́n jà títí tí iwin náà fi dojú ara rẹ̀ bolẹ̀, Ọdẹ́dìran sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn o. Ó dáa, òun ló kọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Àárín gbùngbùn igbó ló ti rí ilé kan. Irin ni ilé náà láti òkè délẹ̀, kò ní fèrèsé, kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun gan-an ló ń kùn tí gbogbo igbó fi ń kùn. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná tíntìntín ń ṣẹ́jú lára ògiri rẹ̀, òmíràn pupa, òmíràn bí ewé tútù. Ọdẹ́dìran ti ìlẹ̀kùn, ó wọlé.

Ọ̀nà gbọọrọ kan ló bá nínú ilé, pẹ̀lú ihò mẹ́ta lára ògiri, àti ìyá arúgbó pẹ́ńpẹ́ kan tó ń sáré lọ sáré bọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣeé rí. Ó gbé igbá omi lọ sẹ́nu ihò kan, ó ti dé. Ó fa ọwọ́ irin méjì kan lọ sẹ́nu ihò kejì, ó ti dé.

Ọdẹ́dìran ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Òo, má dúró lójú ọ̀nà mi! Ìyá Olùpín ni wọ́n ń pè mí. Sọ̀rọ̀ kíákíá, kí ojú mi má kúrò lára àwọn ọba mi."

"Àwọn ọba, kẹ̀? Ọba mélòó ló ń gbé ilé kan ṣoṣo?"

"Mẹ́ta ni. Rọra sọ̀rọ̀! Kò sí èyí tó mọ̀ nípa èkejì nínú wọn." Ó ń sáré, ó ń sọ̀rọ̀. "Ṣé o rí ọwọ́ irin yìí? Òun nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé. Àmù omi kan ló wà, àká kan náà ló wà. Màá jẹ́ kí ọwọ́ gún iyán díẹ̀ fún ọba yìí, màá fà á lọ kó yí aṣọ díẹ̀ fún ọba tọ̀hún, màá dá a padà kí tàkọ́kọ́ tó ṣẹ́jú. Oníkálukú wọn gbà pé òun nìkan ló ni ọwọ́, òun nìkan ló ni omi, òun nìkan ló ni ilé. Mo mọ ògiri sínú àká, ibi tí ògiri bá ti dé, ọba gbà pé ibẹ̀ layé parí sí."

Kí ló dé, Ìbídùn? Ẹ wo ọmọ mi obìnrin bó ṣe ń na ọwọ́ sókè, bíi pé ilé ìwé la wà. Sọ ọ́, ọmọ mi.

"Bàbá, sáfà lẹ ń sọ yìí o! Níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, ẹ̀rọ ńlá kan la ní. A pín inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀ tó ń darí rẹ̀, pẹ̀lú òfin tirẹ̀, ètò kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun lòun ni gbogbo ẹ̀rọ. Ètò kan wà lábẹ́ gbogbo wọn tó ń pín ẹ̀rọ fún wọn, wọn ò sì rí i."

Ẹ gbọ́ fúnra yín! Ohun tí ẹ lọ kọ́ ní yunifásítì, ọ̀gá mi ti fẹsẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀. Jókòó, ọmọ mi, o ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ìtàn.

Ọdẹ́dìran yọjú wo ihò àkọ́kọ́. Ọba Gbọ̀ngàn ló wà níbẹ̀, arúgbó alárìíwo. Òfin ìlú rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni kí gbogbo ènìyàn máa fi rìn, kí wọ́n sì máa pariwo sọ̀rọ̀. Ó yọjú wo ihò kejì. Ọba Pẹ̀lẹ́ ló wà níbẹ̀. Nílùú tirẹ̀, orin jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kódà bí wọ́n bá fẹ́ bú ara wọn. Ó wá yọjú wo ihò kẹta. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló rí? Abíọ́nà! Abíọ́nà lórí ìtẹ́, adé lórí rẹ̀, ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó nasẹ̀.

"Abíọ́nà!" Ọ̀gá mi pariwo débi pé àyà ìbọn rẹ̀ gan-an dún. Abíọ́nà ò mirí.

Ìyá Olùpín ní, "Fún ọ̀fun rẹ nísinmi. Ohùn kì í la ògiri yẹn kọjá. Ohun tí ọba bá máa gbọ́, àfi bí ẹni tó ń pín nǹkan fún un bá gba ẹnu ihò sọ ọ́. Kí lo fẹ́ fi ọba mi ṣe?"

"Àbúrò mi ni, Màmá. Ìyá wa ò jẹun mọ́ nítorí rẹ̀. Bí mi ò bá mú un délé, ìyá wa máa kú."

Ìyá arúgbó náà dúró díẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò fìdí kan ilẹ̀ rí. Ìkókóré mi wà níbẹ̀ yẹn, ó ti tutù pátápátá. Bá mi pín nǹkan fún wọn kí n jókòó jẹun. Bí mo bá jẹun tán, tí ọba kankan ò mọ̀ pé òun àti ẹlòmíràn jọ ń lo ilé, máa gbé àbúrò rẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá mọ̀, yàrá kẹrin kan ṣófo níwájú, tí mi ò tíì lu ihò sí. A máa wá adé tó bá orí rẹ mu."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Pínpín? Èmi tí mo pín ẹran erin! Ẹ lọ jẹun yín, Màmá."

Kí ẹ tó mọ ibi tí ó ti kọsẹ̀, ẹ ní láti mọ bí àwa ọdẹ Ìdófẹ̀ ṣe ń pín ẹran. Bí ẹran bá ṣubú, ẹni tó dàgbà jù ló máa kọ́kọ́ gé tirẹ̀. Á máa gé títí ojú rẹ̀ á fi kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹni tó tẹ̀lé e tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Àbíkẹ́yìn á dúró, kò gbọ́dọ̀ wú ikọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ Ọdẹ́dìran nìyẹn, bó ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, kò sì tíì sí ẹni tó ṣẹjọ́ rẹ̀ rí.

Ló bá béèrè pé, "Ta ló dàgbà jù nínú wọn?" Gbọ̀ngàn ni. Ó fa ọwọ́ irin lọ fún Gbọ̀ngàn, ó da omi sọ́dọ̀ Gbọ̀ngàn, ó ní nígbà tí bàbá bá yó, á kan àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n Gbọ̀ngàn kì í yó! "Ẹ gúnyán!" Wọ́n gúnyán. "Ẹ fẹ́ mi!" Wọ́n fẹ́ ẹ. "Ẹ tún òrùlé ṣe! Ẹ tún un tú!" Ọ̀gá mi ń sìn ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà tó yọjú wo ihò kejì, kí ló rí? Ọba Pẹ̀lẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹsẹ̀ náà ò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Akọrin kan la ẹnu síbẹ̀, orin ò jáde. Ó sáré lọ síbi ihò kẹta. Iná ti ń kú lọ níbẹ̀. Abíọ́nà di ọwọ́ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ti yí, ó ń pe ìránṣẹ́, ẹnu ń là, a ò gbọ́ nǹkan kan.

"Yéè! Àbúrò mi ni mò ń fọwọ́ ara mi pa yìí!" Ọkùnrin tó ń fọwọ́ lásán lé ìkookò, ó bú sẹ́kún. "Màmá! Ẹ gbà mí!"

Ìyá Olùpín ò wẹ̀yìn. Ó ń jẹ ìkókóré rẹ̀.

Ọdẹ́dìran sáré padà sọ́dọ̀ Gbọ̀ngàn láti wá bẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo ohun tó bá níbẹ̀. Kábíyèsí ń tayín. Ó ti yó tẹ́nutẹ́nu, igi ìtayín wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ronú ohun tó kàn tó máa pè fún. Ọwọ́ irin dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn dúró dè é.

Ọ̀gá mi pariwo pé, "Ọwọ́ kàn dúró lásán, àbúrò mi sì ń kú! Ọ̀wọ̀ wo nìyí?" Kò dúró béèrè àgbà mọ́. Ó já ọwọ́ náà gbà, ó gbé e sáré lọ fún Abíọ́nà. Ọwọ́ tan iná, ó bu omi sí i lẹ́nu, Abíọ́nà mí kanlẹ̀. Ó fà á lọ fún Pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, orin jáde. Ó dá a padà fún Gbọ̀ngàn kí ó tó yọ igi ìtayín lẹ́nu. Háà! Ó wá yé e. Ọba tó bá ń sùn kò lo ọwọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Omi tí Pẹ̀lẹ́ tọ́jú tí kò fọwọ́ kàn, ẹ yá Abíọ́nà níbẹ̀, ẹ dá a padà kí Pẹ̀lẹ́ tó wò ó. Díẹ̀ fún un, díẹ̀ fún un, kó ṣáà yá! Ẹsẹ̀ ọ̀gá mi náà ò ṣeé rí mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé.

Ìgbà náà ni ohùn Gbọ̀ngàn bú jáde lẹ́nu ihò: "Ẹ dúró ná! Ọwọ́ mi yìí ń rùn bí irú. Èmi kì í jẹ irú! Irú ta ni?"

Yéè pàrìpà! Ìlú Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń fi irú sebẹ̀. Ọ̀gá mi ti fa ọwọ́ láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn láìfọ̀ ọ́. Ìyá Olùpín gbé òkèlè dúró lọ́nà ọ̀fun, ó ń wò ó. Ọdẹ́dìran ri ọwọ́ irin bọ omi, ó fi kànrìnkàn àti ọṣẹ bó o, ó gba ẹnu ihò sọ pé, "Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbóòórùn rẹ̀ wò."

Gbọ̀ngàn gbóòórùn. Ó ní, "Hùn. Imú mi ló ń dàgbà. Ẹ gúnyán!"

Ìyá Olùpín lá ìka rẹ̀ tán, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín. "O pín in. Láti òní lọ, kí o máa fọ ọwọ́ irin kí o tó fà á kúrò ní yàrá kan, ìyẹn nìkan ló kù fún ọ. Àbúrò rẹ ti di tìrẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fà á kúrò lórí ìtẹ́ o. Òun ló gbé ara rẹ̀ gùn ún, òun náà ló máa sọ̀kalẹ̀. Èyí tí mo lè ṣe ni kí n dì í fún ọ: òun, adé, ààfin, ìlú, gbogbo rẹ̀. Ọtí ọwọ́ rẹ̀ ò ní dànù."

Ó mú àpótí irin kékeré kan tí ọwọ́ irin tirẹ̀ àti omi tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gbé àpótí náà kọ ojú sí yàrá kẹta, ìlú Abíọ́nà sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilé lẹ́yìn ilé, títí ó fi kan ìtẹ́. Abíọ́nà ń mu ọtí rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti kó kúrò nílé. Ìbídùn ń mirí, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ àwọn náà nìyẹn. Ọ̀gá mi gbé àpótí sápò, ó dúpẹ́, ó kọrí sílé. Gbogbo ọ̀nà ni àpò ń pàṣẹ: "Ta ló ń mi ilẹ̀? Ẹ sọ fún ilẹ̀ kó jókòó jẹ́ẹ́!"

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní, níwájú ilé. Ó gbé àpótí síwájú rẹ̀. "Màmá, Abíọ́nà rèé."

"Nínú àpótí?"

Ọdẹ́dìran gbẹ́nu sí ihò ara àpótí. "Abíọ́nà, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni. A ti délé. Jáde wá."

Ohùn dáhùn nínú àpótí: "Ta ló ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n? Èmi nìkan ni mo wà láyé. Kò sí ẹlòmíràn."

Ọ̀gá mi bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, èsì kan náà ni. Ẹ̀rù wá ń bà á gan-an. Ó ti gbé àbúrò dé iwájú ìyá, ìyá sì máa kú síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Efúnyẹlá fọwọ́ tì í sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí náà sórí itan rẹ̀, òun tó kọ́kọ́ pín oúnjẹ fún Abíọ́nà láyé, ó sì fẹnu sí ihò.

"Abíọ́nà! O jáde kúrò nílé láìkí mi. Láìkí mi, Abíọ́nà! Ìyá tó bí ọ sójú ọ̀nà, tó bọ́ ìborùn orí rẹ̀ pọ̀n ọ́ nínú òjò, o kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, o ò ní 'Màmá, ó dàbọ̀.' Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn? Ta ló ń bá ọ fọ aṣọ níbẹ̀? Ṣé o ń wẹ̀? Irun orí rẹ yẹn, ṣé o ti gé e? Abíọ́nà, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀!"

Ohùn kékeré kan jáde nínú àpótí.

"Màmá?"

"Èmi ni. Wá kí mi."

Kò ráyè ronú. Ara rẹ̀ ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ìyá bá sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe é kí orí rẹ̀ tó rántí pé adé wà lórí òun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọba kankan kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ìyá tó bí i. Adé yí kúrò lórí, ògiri fọ́, àpótí là sí méjì, Abíọ́nà sì nà gbalaja síwájú ilé ìyá rẹ̀, àyà rẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ní, "Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ má bínú."

Ìyá wọn fi ọwọ́ tó ti gbẹ pa á lẹ́yìn, ó pa á lẹ́yìn títí.

Ó ní, "Dìde. Lọ bá mi bu oúnjẹ wá. Ebi ń pa mí."

Abíọ́nà ò pòṣé. Ó sáré. Ibi tí ìyá wọn ti fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu ni èmi Ọdẹ́wọyè náà ti pa ẹnu mi dé.